Bí A Ṣe Ń Kàwé Nílé Akọ̀wé

Ọmọ mi obìnrin tó ń gbé Kútọnu pè mí lórí fóònù níjọ́ kan, ó ní, "Màmá, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Báwo la ṣe lè ráyè máa kàwé pẹ̀lú àwọn ọmọ nínú ilé?" Mo bi í pé kí ló ń ṣe lọ́wọ́ báyìí. Ó ní òun kàn ń sinmi ni, òun ń wo fóònù. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ẹni tó di fóònù mú láti àárọ̀, tó ń fi àtàǹpàkò ti ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ lọ sókè lọ sódò, òun náà ló ń wá àyè. Wọ́n ti gba répétítọ̀ fún àwọn ọmọ ọ̀hún, ọ̀gbẹ́ni kan tó ń wá lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ láti tún kọ́ wọn ní ohun tí wọ́n ti kọ́ wọn nílé ìwé. Wọ́n sì ra pẹpẹ ìwé kan sí pálọ̀, wọ́n ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi kí n lè yìn wọ́n. Àwọn ìwé tó wà lórí rẹ̀ ń dán. Kò sí ìkankan tí etí rẹ̀ ká. Mo wo fọ́tò yẹn, inú bí mi, nítorí mo mọ irú ilé tí ìwé ti máa ń dán bẹ́ẹ̀. Inú ọ̀kan ni wọ́n bí mi sí, ní Ifangni níbí, lẹ́bàá ọ̀nà tó lọ sí Daagbé, nínú agbo ilé tí tọmọdé tàgbà ń pè ní Ilé Akọ̀wé.

Akọ̀wé náà ni bàbá mi. Ó ní sẹ́tífíkà ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ó sì fi ọdún kan àti ààbọ̀ jókòó ní kọlẹ́ẹ̀jì ní Àjàṣẹ́ kí wọ́n tó ní kó máa bọ̀ nílé. Ìyẹn ti tó fún un láti máa wọ gíláàsì ojú tí kò fi ríran ju bó ṣe ń ríran tẹ́lẹ̀ lọ. Ó ní tábìlì kan lábẹ́ igi dóńgóyárò ní ibùdókọ̀, níbi tó ti ń kọ ìwé fún àwọn oníṣòwò tó ń kọjá sí Nàìjíríà. Ẹni tó bá sì fẹ́ kọ lẹ́tà sí ọmọ rẹ̀ ní Gàbọ́ọ̀nù, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ń wá. Iṣẹ́ gidi ni, n kò kẹ́gàn rẹ̀. Fújà tó fi ń ṣe é ni mo ń kẹ́gàn. Lówùúrọ̀, ìró ìgbálẹ̀ ìyá mi ló ń kọ́kọ́ jí wa, lẹ́yìn náà ìró òkúta tí Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, fi ń pa èkùrọ́ lẹ́yìn ilé, kọ́, kọ́, kọ́, lẹ́yìn náà ni ikọ́ bàbá mi. Bàbá mi a máa wúkọ́ ní Faransé. A óò gbọ́ "Bon" lẹ́yìn ikọ́ náà, a óò gbọ́ "Voilà" nígbà tó bá rí bàtà rẹ̀, ìyá mi a sì gbé ẹ̀kọ gbígbóná àti àkàrà ka iwájú rẹ̀ láìsọ̀rọ̀. Kò sí ẹni tó ń sọ Faransé nínú ilé wa tí yóò dá a lóhùn. Mo rò pé ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí ó dùn ún sọ.

Ohun tó fi ń yangàn jù ni àpótí ìwé rẹ̀. Olùkọ́ kan tó ń padà sí ìlú rẹ̀ ló fi àwọn ìwé ọ̀hún sílẹ̀ fún un, nítorí kò fẹ́ rù wọ́n. Bàbá mi ní kí káfíńtà ṣe àpótí onígíláàsì fún wọn, ó gbé e sí ibi tí àlejò yóò ti rí i kó tó rí ìjókòó, ó tì í pa, ó so kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mọ́ okùn ṣòkòtò rẹ̀. Ìwé mọ́kànlélógójì ni. Mo mọ iye rẹ̀ dáadáa, ẹ óò sì gbọ́ ìdí rẹ̀. A kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn wọ́n. "Ìwé kì í ṣe ohun ìṣeré," ohun tó máa ń wí nìyẹn, ó sì yẹ kí n sọ pé òun alára kò fi wọ́n ṣeré, nítorí n kò rí i kí ó ṣí ọ̀kan wò láyé mi. Ṣùgbọ́n ní gbogbo Sátidé, a óò fọ ọwọ́ wa, òun yóò tú okùn ṣòkòtò, yóò ṣí àpótí, èmi àti àbúrò mi Àdùkẹ́ yóò kó ìwé jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, a óò fi àkísà nu eruku wọn, a óò tò wọ́n padà. Nígbà tí a bá parí, òun yóò dìde dúró, yóò ní, "Ẹ kà á." Àwa yóò sì kà á, ení, èjì, ẹ̀ta, títí yóò fi pé ọ̀kànlélógójì, nítorí ó dá a lójú pé àwọn àlejò lè jí ìwé. Ní Ifangni yìí, níbi tó jẹ́ pé àwọn tó ń kọjá níwájú ilé wa, jálá bẹntiróòlù ni wọ́n dì mọ́ ọ̀kadà, àpò ègé, ìyẹn gbágùúdá, ni wọ́n rù, ta ni yóò wọlé wá jí dikisọnẹ́ẹ̀? Bí ó bá di ìrọ̀lẹ́ tó ń jẹun, yóò tún bi wá pé, "Ṣé ẹ ti kàwé lónìí?" Àwa yóò ní, "A ti kàwé, Bàbá, ó pé." Yóò wá yíjú sí àlejò tó bá wà níbẹ̀, yóò ní, "Ní ilé tèmi, gbogbo Sátidé ni àwọn ọmọ ń kàwé." Kò sì purọ́. Ìyá Àgbà nìkan ló máa ń pòṣé. Ó ní, "Ohun tí a kì í jẹ, tí a kì í wọ̀, tí a sì ń nù lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, òrìṣà ni. Ẹ bi í ní ohun tó máa gbà."

Ní ọdún tí mo ń sọ yìí, Àdùkẹ́ jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ, ó sì ń ka kíláàsì kejì lẹ́ẹ̀kejì. Nílé, ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Bí ó bá lọ pọnmi, ó ti gbọ́ ìtàn bọ̀, bí kò bá sì gbọ́ ọ̀kankan yóò dá a sílẹ̀ fúnra rẹ̀ lójú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti dé iwájú olùkọ́, ńṣe ló máa ń dà bí ẹni gbé omi sẹ́nu. Ilé ìwé wa nígbà náà, a kò gbọdọ̀ sọ Nàgó, èdè tiwa, nínú rẹ̀. Ìkarahun ìgbín kan wà tí wọ́n máa ń fi okùn so mọ́ ẹni tó bá sọ ọ́ lọ́rùn, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ di ẹ̀gbà ọrùn Àdùkẹ́. Èmi ńkọ́? Èmi ni mo wà ní kíláàsì tó kẹ́yìn, èmi ni mo máa ń ṣe ipò kìíní. Mo ń ka Faransé geere bí ẹni ń da gàrí sínú igbá, n kò sì kúkú mọ ìdajì ohun tí mo ń kà, ṣùgbọ́n olùkọ́ kò bi mí, nítorí náà ó bọ́ sí i. Àwọn ará ilé ń pè mí ní Akọ̀wé Kékeré. Orúkọ yẹn dùn mọ́ mi ju ẹran lọ. Mo sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ báyìí, kí ẹnikẹ́ni má bàa rò pé bàbá mi nìkan ni mo fẹ́ bú nínú ìwé yìí.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Dírẹ́tọ̀ ilé ìwé wa wá sí ilé wa lórí alùpùpù rẹ̀. Bàbá mi rò pé ó wá kí òun bí akọ̀wé ṣe ń kí akọ̀wé ni, ó fún un ní ìjókòó tó kọjú sí àpótí, ó fún un ní bíà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ Faransé. Dírẹ́tọ̀, ọmọ Ṣábẹ̀ ni, ó gbọ́ tirẹ̀ títí, ó wá dá a lóhùn ní Nàgó. Ó ní, "Akọ̀wé, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún ara wa. Àdùkẹ́ yín kò mọ̀wé kà rárá. Kò mọ a yàtọ̀ sí b." Bàbá mi rẹ́rìn-ín. Ó na ọwọ́ sí àpótí, ó ní, "Nínú ilé yìí? Dírẹ́tọ̀, ẹ wo iwájú yín. Àdùkẹ́, wá níbí. Ka ìwé kí Dírẹ́tọ̀ gbọ́." Àdùkẹ́ ń bá ìyá mi ṣa òkúta inú ẹ̀wà. Ó dìde, ó nu ọwọ́ mọ́ yẹ̀rì rẹ̀, ó lọ dúró síwájú àpótí, ó na ìka sí gíláàsì, ó ní, "Ení. Èjì. Ẹ̀ta." Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ èdè wa, ẹ mọ̀ pé bí a ṣe ń ka iṣu náà la ṣe ń ka ìwé. Nílé ìwé, "lisez" ni wọ́n ń wí fún un. "Kàwé," ilé nìkan ló ti ń gbọ́ ọ, ohun tó sì jẹ́ nílé wa ló ń ṣe yẹn. Dírẹ́tọ̀ kọ́kọ́ rò pé ó ń wá ìwé tó fẹ́ mú ni. Nígbà tí Àdùkẹ́ dé ẹẹ́dógún, bíà bẹ̀rẹ̀ sí í gba imú Dírẹ́tọ̀ jáde. Bàbá mi ní, "Ó tó, ó tó," ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò jáde dáadáa, Àdùkẹ́ kò sì jẹ́ ọmọ tó máa ń fi iṣẹ́ sílẹ̀ láìparí. Ó kà á dé ọ̀kànlélógójì. Ó yíjú padà sí wọn, inú rẹ̀ dùn, ó ní, "Ó pé, Bàbá." Dírẹ́tọ̀ rẹ́rìn-ín títí ó fi di ikùn mú. Èmi náà rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ìyá mi kò rẹ́rìn-ín.

Bí ó bá jẹ́ bàbá tó ní làákàyè ni, ọjọ́ yẹn ni ì bá ju kọ́kọ́rọ́ yẹn sínú kànga, kí ó mú ìwé kan jáde, kí ó pe ọmọ rẹ̀ mọ́ra. Tèmi kọ́. Ojú ló tì í, ẹni tí ojú bá sì tì nílé wa, ọmọ kékeré ló máa ń jìyà rẹ̀. Bí Dírẹ́tọ̀ ṣe lọ tán ló kéde. Ó ní bí Àdùkẹ́ kò bá mọ̀wé kà kí ilé ìwé tó gba ìsinmi ńlá, òun yóò yọ ọ́ kúrò, òun yóò mú un lọ fún Táńtì, ẹ̀gbọ́n òun obìnrin, ní Àjàṣẹ́, kí ó máa bá a ta ẹ̀kọ. A mọ Táńtì. Àwọn ọmọ tó ti kọjá lọ́wọ́ rẹ̀ kì í sábà bọ̀, bí wọ́n bá sì bọ̀, wọn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Àdùkẹ́ gbọ́ ọ, ó lọ jókòó ti Ìyá Àgbà níbi èkùrọ́. Ní ìrọ̀lẹ́, ìyá mi kúnlẹ̀ síwájú bàbá mi. Ó ní, "Bàbá Ṣadé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó tì í díẹ̀ lójoojúmọ́. Ẹ fi ìwé hàn án. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n." Bàbá mi ní, "Mi ò ráyè." Ìyá mi ní, "Kí ẹ tó lọ ta dómínò náà ni mo ń wí." Ó ní, "Ìyá Ṣadé, mo ní mi ò ráyè. Olùkọ́ ni ìjọba ń sanwó fún." Ó wọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó jáde lọ ta dómínò. Láti inú agbo ilé wa, a máa ń gbọ́ bí ó ṣe ń la dómínò mọ́ tábìlì lábẹ́ dóńgóyárò, láti ìrọ̀lẹ́ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Ọkùnrin náà kò ráyè rárá.

Ìyá mi kò mọ a yàtọ̀ sí b bí Àdùkẹ́ kò ṣe mọ̀ ọ́n. Obìnrin tó ń jí kí àkùkọ tó kọ, tó ń lọ sóko ní Ko-Koumolou, tó ń ru ègé bọ̀, tó ń bó o, tó ń gbé e lọ sí ẹ̀rọ, tó ń fún un, tó ń yan án ní gàrí, tó tún ń dáná fún ènìyàn márùn-ún, òun gan-an ló ráyè. Ní ọjọ́ kejì, bí a ṣe dé láti ilé ìwé, ó pe Àdùkẹ́ síbi òkìtì ègé. Ó ní, "Mú ìwé ilé ìwé rẹ wá. Ọwọ́ mi ló ń ṣiṣẹ́, etí mi kò ṣe nǹkan kan. Máa kà á sí mi létí. Bí o bá kà á ní Faransé tán, sọ ohun tó wí fún mi ní Nàgó, kí n lè mọ̀ pé o gbọ́ ọ." Ó wá kọjú sí mi. "Ṣadé, ìwọ jókòó níbẹ̀, máa wo ojú ìwé pẹ̀lú rẹ̀." Mo ní mo ní devoir, iṣẹ́ àmúrelé tí olùkọ́ fún wa. Ó ní kí n gbé devoir mi wá síbẹ̀. Mo gbé e wá, mo jókòó sórí odó tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀, mo na ẹsẹ̀ mi, n kò sì mú ọ̀bẹ, nítorí akọ̀wé kékeré kì í bó ègé. Mo ti rí ọ̀pọ̀ olùkọ́ láti ìgbà náà, mo ti ṣe iṣẹ́ olùkọ́ fúnra mi títí mo fi fẹ̀yìn tì, n kò tíì gbọ́ ìmọ̀ràn kan lórí ọ̀rọ̀ yìí tó dára ju èyí tí obìnrin yẹn fúnra rẹ̀ rò níbi òkìtì ègé. Ohun kan ṣoṣo ló kù tó nílò, ìyẹn sì ni ẹnì kan tó mọ̀wé.

Àdùkẹ́ ṣí ìwé náà. Ìwé kíkà kékeré kan ni, tó ní àwòrán. Ó wo àwòrán ọkùnrin kan tó gbé ọkọ́ kọ́ èjìká. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í pe Faransé tí kò sí níbi kankan láyé, "lẹ papa lẹ sa lẹ mi," bí ó ṣe ń gbọ́ ọ lẹ́nu bàbá wa, ó sì ń fa ìka rẹ̀ lọ lábẹ́ ọ̀rọ̀ bó ṣe yẹ. Lẹ́yìn náà ó gbé ojú sókè, ó ní, "Ó ní, adìyẹ dúdú kan wà ní Daagbé, wọ́n ti di ẹsẹ̀ rẹ̀ láti gbé e lọ sọ́jà. Adìyẹ náà ní òun kò lọ. Ó já okùn, ó dá zémijàn ọlọ́kadà kan dúró, ó gùn ún lẹ́yìn, ó ní kí ó gbé òun lọ sí Nàìjíríà. Wọ́n dé ibodè. Ẹni tó ń ṣọ́ ibodè ní, 'Kí lo gbé?' Adìyẹ ní, 'Ara mi ni mo gbé.' Ó ní, 'Ìwé rẹ dà?' Adìyẹ ní, 'Akọ̀wé kò tíì kọ ọ́ tán, ó ń ta dómínò.'" Ìyá mi ju ègé ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi fi ìkángun ìró rẹ̀ nu ojú. Ìyá Àgbà fi òkúta sílẹ̀, ó sún mọ́ wa. Lójoojúmọ́ ni ìtàn náà ń lọ síwájú. Adìyẹ dé ọjà kan ní Nàìjíríà, wọ́n sọ Gẹ̀ẹ́sì sí i, ó ní òun kò gbọ́ ọ. Adìyẹ rí iṣẹ́, ó ń kọ́ àwọn àkùkọ bí wọ́n ṣe ń dákẹ́ lówùúrọ̀. Bí ègé ṣe ń tán nínú òkìtì ni ojú ìwé ń yí, n kò sì rí ìyá mi kí inú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ rí. Ní ọjọ́ kẹta tàbí ìkẹrin, ó dúró, ó ní, "Ìwé òyìnbó yìí kúkú mọ Daagbé dáadáa." Ó wò mí. "Ṣadé, ṣé bẹ́ẹ̀ ló wà níbẹ̀?"

Mo ti rí ojú ìwé náà. "Papa va au champ. Papa a une houe." Bàbá kan àti ọkọ́ rẹ̀ nìkan ló wà níbẹ̀. Àdùkẹ́ wò mí, ojú rẹ̀ kò ṣẹ́. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá." Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wá ìdí tó dára fún ìdáhùn yẹn. Mo ti sọ fún ara mi pé mo ń gba àbúrò mi sílẹ̀ ni. Mo ti sọ pé n kò fẹ́ ba ayọ̀ ìyá mi jẹ́. Irọ́ ni. Ohun tó wà nínú mi ni pé akọ̀wé kékeré kan ṣoṣo ló wà nínú ilé wa, mo sì fẹ́ kí ó rí bẹ́ẹ̀. Mo tún fẹ́ mọ ohun tí adìyẹ yóò ṣe lọ́la, ìyẹn náà wà níbẹ̀. Nígbà tí a lọ pọnmi lọ́jọ́ kejì, Àdùkẹ́ sọ garawa rẹ̀ kalẹ̀, ó yọ ìwé náà kúrò nínú aṣọ rẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣé tí ẹ kò sọ. Ẹ jọ̀ọ́, èyí tó rí rogodo tó ní ẹsẹ̀ kan yìí, kí ni wọ́n ń pè é? Ẹ fi gbogbo wọn hàn mí. Mi ò fẹ́ lọ sọ́dọ̀ Táńtì." Mo wo lẹ́tà tí ìka rẹ̀ wà lórí rẹ̀. A ni. Ì bá ti gbà mí ní àsìkò tí garawa kan fi ń kún. Mo ní, "Mi ò ráyè, jẹ́ ká pọnmi." Ohùn bàbá mi gan-an ló jáde lẹ́nu mi, ó sì dùn mọ́ mi. Kò bi mí mọ́. Ó padà sí ọ̀dọ̀ adìyẹ rẹ̀, ó sì tún mú ìtàn náà dùn sí i, bí ẹni pé bí ó bá dùn tó, kò ní sí ẹni tí yóò lè lé e kúrò nílé.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ tí a óò gba ìsinmi pé, Dírẹ́tọ̀ ránṣẹ́ pe bàbá mi kí ó wá gbọ́ bí ọmọ rẹ̀ yóò ṣe kàwé. Bàbá mi kò ráyè. Ìyá mi ló lọ. Ó wọ ìró rẹ̀ tó dára jù, ó fi òróró ra ẹsẹ̀, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́yìn kíláàsì, ọkàn rẹ̀ balẹ̀, nítorí ó ti gbọ́ ọmọ rẹ̀ tó ń kà á lójoojúmọ́ fún odindi oṣù méjì. Èmi dúró sójú fèrèsé. Wọ́n fún Àdùkẹ́ ní ìwé. Ó wo ojú ìwé náà, ó pe Faransé rẹ̀ tí kò sí níbi kankan, àwọn ọmọ kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ó yíjú wo ìyá wa, ó wá gbé ohùn sókè ní Nàgó, ó ní, "Ó ní, adìyẹ dúdú kan wà ní Daagbé." Ẹ̀rín wọn sọ kíláàsì di ọjà. Ìyá mi náà ń rẹ́rìn-ín, ó ń mi orí, ó rò pé bí ìtàn náà ṣe ń pa òun lẹ́rìn-ín náà ló ń pa wọ́n. Bí mo bá fẹ́ fi ara mi ṣẹ̀sín lónìí, ojú ìyá mi yẹn ni mo máa ń rántí. Dírẹ́tọ̀ pa ìwé dé. Ó ní, "Màmá, a kì í sọ Nàgó níbí. Ẹ máa mú un lọ." Ìyá mi dìde, kò yé e. Lójú ọ̀nà, ó di ọwọ́ Àdùkẹ́ mú, ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé, "Èmi ni. Èmi ni mo ní kí ó máa túmọ̀ rẹ̀ sí Nàgó. Èmi ni mo kọ́ ọ bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi lé e." Mo ń tẹ̀lé wọn lẹ́yìn, mo gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ìyá mi ru ẹ̀bi yẹn fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, mo sì jẹ́ kí ó rù ú.

Bàbá mi mú ìlérí rẹ̀ ṣẹ, èyí kan ṣoṣo tí mo rántí tó mú ṣẹ. Ó gbé Àdùkẹ́ lọ sí Àjàṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó dúró jẹun lọ́dọ̀ Táńtì, ó sùn lọ́sàn-án, ó bọ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Odidi ọjọ́ kan. Ẹni tí kò rí ìṣẹ́jú mẹ́wàá ráyè odidi ọjọ́ kan. Àdùkẹ́ kò sunkún nígbà tó ń gun zémijàn, aṣọ rẹ̀ tí wọ́n dì wà láàárín òun àti bàbá wa, ó kàn wò mí bí ó ṣe wò mí níbi òkìtì ègé. Ó ti dàgbà báyìí, ó ní ìsọ̀ tirẹ̀ lọ́jà Àjàṣẹ́, ó ti di ìyá àgbà, ojú rẹ̀ sì là sí ayé jù mí lọ. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá kọ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí fóònù rẹ̀, ẹ ń tan ara yín jẹ. Ohùn ló ń fi ránṣẹ́, ohùn la ń fi dá a lóhùn. Ìtàn tó ń sọ fún àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ pọ̀, àwọn ọmọ mi ń gbà á sórí fóònù tiwọn, wọ́n ń sọ pé kò sí ìwé tó dùn tó o. Mo máa ń dìde kúrò níbẹ̀ bí wọ́n bá ti ń sọ ọ́.

Ó kù díẹ̀ kí ilé ìwé tún wọlé, ìyá mi jókòó ti ègé ní ọ̀sán kan. Ilé dákẹ́. Ìyá Àgbà pàápàá kò pa èkùrọ́. Ìyá mi ní, "Ṣadé, lọ mú ìwé Àdùkẹ́ wá. Ka ti adìyẹ yẹn fún mi. Àárò rẹ̀ ń sọ mí." Mo mú un wá. Ǹ bá parọ́, ṣùgbọ́n n kò ní ìtàn kankan lẹ́nu. Ohun tó wà nínú ìwé nìkan ni mo mọ̀. Mo ka ojú ìwé àkọ́kọ́. Ó ní, "Kí ló wí?" Mo ní, "Bàbá ń lọ sóko. Bàbá ní ọkọ́ kan." Ó ní, "Lẹ́yìn náà ńkọ́?" Mo ní, "Ọkọ́ náà, tuntun ni." Ó ní kí n ṣí èyí tó kàn. Mo ṣí i. Ó ní kí n ṣí èyí tó kàn. Títí mo fi dé páálí ẹ̀yìn ìwé, kò bínú, kò gbé ohùn sókè, ọ̀bẹ kàn dúró lórí ègé tó ń bó. Ó ní, "Adìyẹ náà dà?" Mo ní, "Kò sí adìyẹ níbẹ̀, Màmá." Ó ní, "Kò sí níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀?" Mo ní, "Kò sí." Ó ní, "Àdùkẹ́ kò mọ̀ ọ́n kà, kò fẹ́ kúrò nílé ló ṣe ń wá nǹkan sọ. Èmi kò mọ̀ ọ́n kà. Ìwọ lo mọ̀ ọ́n kà, Ṣadé. Ìwọ ni mo bi." Ó fa ègé mìíràn mọ́ra, ó ń bó o lọ, kò sì tún bi mí ní ohun kan nípa ìwé títí ó fi kú.